Kútọnu sí Montréal: wákàtí 10, 13, àbí 19? Ẹ bá mi tú ìṣirò yìí

Ọmọ Alákétu

Ẹ kú ilé o, ẹ̀yin ará wa. Ìṣirò kan ló dà mí lọ́kàn rú. Ẹ̀gbọ́n mi obìnrin tó wà ní Montréal ti bímọ, ìyá wa ló ń lọ wẹ ọmọ fún un. Ìyá ò wọ bàálù rí. Èkó ni ibi tó jìnnà jù tí ẹsẹ̀ wọn dé, ọkọ̀ ilẹ̀ ni wọ́n sì bá lọ. Lálẹ́ àná wọ́n dá òkèlè dúró lọ́wọ́, wọ́n ní, "Wákàtí mélòó gan-an ni mo máa fi jókòó sínú nǹkan yìí?" Mo ní kí wọ́n jẹ́ kí n wò ó.

Mo wò ó tán, ọ̀rọ̀ wá dojú rú. Ojú ewé kan lórí íntánẹ́ẹ̀tì ní 8,424 kìlómítà ni Kútọnu sí Montréal, pé bàálù ń fi wákàtí 10 àti ìṣẹ́jú 25 fò ó. Mo bá ṣí tíkẹ́ẹ̀tì tí ẹ̀gbọ́n mi fi ránṣẹ́. Wọ́n gbéra ní Kútọnu ní 04:10, wọ́n balẹ̀ ní Casablanca ní 08:45. Wọ́n tún gbéra níbẹ̀ ní 15:30, wọ́n dé Montréal ní 17:25 lọ́jọ́ kan náà. Mo yọ 04:10 kúrò nínú 17:25, ó ku wákàtí 13 àti ìṣẹ́jú 15. Mo ní ó dáa náà. Àfi bí mo ṣe rí i nísàlẹ̀ ìwé yẹn tí wọ́n kọ "19h15" sí i.

Ta ni ká gbà gbọ́ nínú àwọn mẹ́tẹ̀ẹ̀ta? Ìyá ń retí èsì lẹ́nu mi, ẹ sì mọ bí ìyá Kétu ṣe ń béèrè ọ̀rọ̀: lẹ́ẹ̀kan láàárọ̀, lẹ́ẹ̀kan lọ́sàn-án, lẹ́ẹ̀mejì lálẹ́.

Tísà Àjàṣẹ́

Ẹ kú oríire ọmọ tuntun. Méjì nínú àwọn mẹ́tẹ̀ẹ̀ta kì í ṣe èké, ohun tí kálukú ń wọ̀n ló yàtọ̀; ọ̀kan tó kù ni àṣìṣe.

Ká mú ti 8,424 yẹn. Ojú ọ̀nà tó gún jù lórí ilẹ̀ ayé roboto yìí ni, láti Cadjehoun, pápákọ̀ Kútọnu, dé Trudeau, pápákọ̀ Montréal, bí ẹni pé bàálù kan gbéra níbí tí kò sì yà síbì kankan. Ẹ̀rọ tó wà nídìí ojú ewé yẹn kàn pín kìlómítà náà sí 850 fún wákàtí kọ̀ọ̀kan ni, ó wá fi nǹkan bí ìdajì wákàtí lé e nítorí gbígbéra àti bíbalẹ̀. Ìṣirò lásán ni. Kò sí bàálù èrò tó ń gbéra ní Kútọnu tó ń lọ balẹ̀ tààrà sí Kánádà. Ẹ ò lè ra wákàtí 10 yẹn lọ́jà kankan.

Wákàtí 13 tìẹ, àbúrò, ìwọ lo ṣèṣì. Aago ìlú méjì lo yọ kúrò lára ara wọn. Aago 04:10 jẹ́ ti Benin, 17:25 jẹ́ ti Montréal, bẹ́ẹ̀ ní oṣù Sẹ́ẹ́rẹ́ yìí a fi wákàtí 6 ṣíwájú wọn. Nígbà tí ìyá bá balẹ̀ tí aago ara ògiri níbẹ̀ ń sọ 17:25, ní Kétu ó ti di 23:25, ẹ̀yin ti ń sùn. Yọ 04:10 kúrò nínú 23:25, kí o wò ó bóyá o ò ní bá 19:15 pàdé.

Èyí tó kan ìbàdí ìyá nìyẹn: 19:15. Wákàtí 4 àti ìṣẹ́jú 35 lókè dé Casablanca, wákàtí 6 àti ìṣẹ́jú 45 lórí àga nínú pápákọ̀, wákàtí 7 àti ìṣẹ́jú 55 lókè lẹ́ẹ̀kan sí i. Nítorí náà, bí wọ́n bá ní "nínú nǹkan yìí", sọ fún wọn pé wákàtí 12 àbọ̀ ni, ọ̀nà méjì ni wọ́n sì pín in sí.

Èyí tó ń tan àwọn èèyàn jẹ kù síbẹ̀. Wákàtí 6 yẹn kì í dúró sójú kan. Àwọn ará Montréal máa ń ti aago wọn síwájú ní ọjọ́ Àìkú kejì oṣù Ẹrẹ́nà, wọ́n á dá a padà ní ọjọ́ Àìkú àkọ́kọ́ oṣù Bélú. Àwa kì í fọwọ́ kan tiwa. Láàárín ìgbà yẹn, wákàtí 5 ló ń wà láàárín wa.

Ọmọ Alákétu

Háà! Tísà, ẹ kú iṣẹ́ o. Mo ti ń múra láti bá ẹni tó ta tíkẹ́ẹ̀tì jà.

Ìbéèrè kékeré: ojú ewé mìíràn kọ 5,234, òmíràn tún kọ 4,549. Ṣé àwọn yẹn ò wọn ibì kan náà ni?

Ọmọ Odò Wẹ̀mẹ̀

Ibì kan náà ni, ìwọ̀n tí wọ́n fi wọ̀n ọ́n ni kò dọ́gba. Bí o bá lọ sí ọjà Wàńdó, ṣé agolo tí wọ́n fi ń wọn gàrí lọ́dọ̀ ìyá yìí bá ti ìyá kejì mu? 8,424 kìlómítà, 5,234 máìlì, 4,549 máìlì ti àwọn awakọ̀ òkun àti ti òfurufú. Máìlì ti ilẹ̀ jẹ́ kìlómítà 1.609, ti òkun jẹ́ 1.852. Wo lẹ́tà tí wọ́n kọ sẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀ kó o tó pariwo.

Àbẹ̀kẹ́ Àjàṣẹ́

Gbogbo ìṣirò yín dùn, ṣùgbọ́n ẹ ò tíì bi ọmọ yìí ní ìbéèrè tó ṣe pàtàkì jù. Ọjọ́ wo ni tíkẹ́ẹ̀tì yẹn?

Bó bá jẹ́ Ọjọ́bọ̀, 04:10, alẹ́ Ọjọ́rú ni ìyá yín ń lọ o! Ẹ jọ̀ọ́, ẹ gbọ́ mi dáadáa, nítorí ó ti ṣẹlẹ̀ sí wa. Àbúrò bàbá ọkọ mi ń lọ sí Brussels lọ́dún bíi mélòó kan sẹ́yìn. Tíkẹ́ẹ̀tì wọn kà á ní Ọjọ́bọ̀, aago méjì kọjá díẹ̀ lóru. Kí la ṣe? A se oúnjẹ ìdágbére lọ́sàn-án Ọjọ́bọ̀. Ẹ̀kọ, àkàrà, adìyẹ méjì. Àwọn alàgbà wá gbàdúrà. Bàbá wọ agbádá aláwọ̀ sánmà tí wọ́n dá fún ìrìn àjò náà, a sì kó sínú ọkọ̀ méjì, ó di Kútọnu. A dé pápákọ̀ ní nǹkan bí aago mọ́kànlá alẹ́, inú wa ń dùn pé a tètè dé.

Ọmọkùnrin tó wà lẹ́nu ọ̀nà gba ìwé, ó wò ó, ó gbójú sókè wo bàbá, ó tún wo ìwé. Ó fi ìka gún ọjọ́ tó wà níbẹ̀. Ó rọra sọ ọ́ ní èdè Gùn, bí ẹni tó ń túfọ̀: "Bàbá, láàárọ̀ yìí ni tiyín ti lọ."

Ilé wa dákẹ́ bíi pé wọ́n dà omi sí i lálẹ́ ọjọ́ yẹn. Owó tí wọ́n fi yí tíkẹ́ẹ̀tì náà padà, mi ò ní sọ ọ́ níbí. Láti ìgbà yẹn, ẹnikẹ́ni nínú ilé wa tó bá ní tíkẹ́ẹ̀tì tó bọ́ sí àárín aago méjìlá òru sí aago márùn-ún ìdájí, a kì í pè é ní Ọjọ́bọ̀ mọ́. "Òru Ọjọ́rú mọ́ Ọjọ́bọ̀" là ń pè é, a ó sì kọ ọ́ sára kàlẹ́ńdà ògiri sínú ilé Ọjọ́rú.

Wọ́n ń fẹ́ kí èèyàn ti wà níbẹ̀ ní wákàtí 3 ṣáájú. Ìyẹn ni pé aago kan òru ni ìyá yín gbọ́dọ̀ ti wà ní Cadjehoun. Ẹ má ṣe sọ pé ẹ máa gbéra ní Kétu ní aago mẹ́sàn-án alẹ́. Ẹ kúrò nílé lọ́sàn-án, ẹ gba Ìpòbẹ́ àti Sàkété, ẹ wá sùn díẹ̀ ní Àjàṣẹ́ níbí. Bí ẹ ò bá ní ará níbí, ilé wa ṣí sílẹ̀.

Ọmọ Alákétu

Àǹtí… Ọjọ́bọ̀ ni. Ọjọ́bọ̀ sì ni mo ti sọ fún gbogbo ẹbí. Mo ń pè wọ́n lórí fóònù báyìí.

Àbẹ̀kẹ́ Àjàṣẹ́

Mo mọ̀!

Ọmọ Alákétu

Mo ti pè wọ́n tán. Ìyá ní "Ẹ̀yin ọmọ ìwé!", wọ́n ò sì fi nǹkan mìíràn kún un.

Nǹkan méjì ló kù. Tíkẹ́ẹ̀tì ìpadà wà ní oṣù Èbìbí: wọ́n gbéra ní Montréal ní 20:15, wọ́n dé Casablanca ní 08:00 lọ́jọ́ kejì. Mo ti gbọ́n báyìí, mo yọ wákàtí 5 kúrò, ó ku wákàtí 6 àti ìṣẹ́jú 45. Kí ló dé tí lílọ jẹ́ 7 àti ìṣẹ́jú 55? Ọ̀nà kan náà kọ́? Èkejì: ọ̀rẹ́ ẹ̀gbọ́n mi kan ń sọ pé ká ti gba Paris, pé ọ̀nà náà kúrú jù. Ẹlòmíràn ní Istanbul ló dáa. Òótọ́ ni?

Ológeere Ṣábẹ̀

Jẹ́ kí n dáhùn ti àkọ́kọ́, torí ìtàn kẹ̀kẹ́ ni, èmi ni mo sì ni kẹ̀kẹ́.

Nígbà tí mo wà ní ọ̀dọ́, mo máa ń gun ológeere láti Ṣábẹ̀ lọ sí ọ̀nà Tchaourou lọ ra iṣu. Ní àsìkò ọyẹ́ bí irú èyí, afẹ́fẹ́ ń ti àríwá òun ìlà-oòrùn bọ̀, àyà ló sì ń gbá mi. Mo lè wa ẹsẹ̀ títí kí òógùn ó gbẹ mọ́ mi lára, igi ẹ̀gbẹ́ ọ̀nà á kàn ń wò mí ni. Ṣùgbọ́n bí mo bá ń padà bọ̀, pẹ̀lú iṣu lẹ́yìn o, afẹ́fẹ́ yẹn náà á bá mi ti kẹ̀kẹ́. Ilẹ̀ ò sún, ẹsẹ̀ mi ò sì yàtọ̀.

Bàálù náà nìyẹn. Lókè lọ́hùn-ún, níbi tó ga tó kìlómítà 9 sí 12, afẹ́fẹ́ kan ń ṣàn bí odò láti ìwọ̀-oòrùn sí ìlà-oòrùn. Nígbà òtútù ilẹ̀ wọn ló máa ń le jù, ó lè ju 150 kìlómítà ní wákàtí kan lọ dáadáa. Ìyá ń lọ sí ìwọ̀-oòrùn, àyà ló máa gbá bàálù wọn. Bí wọ́n bá ń bọ̀, ẹ̀yìn ni. Àwọn tó ń ṣètò tíkẹ́ẹ̀tì mọ̀ bẹ́ẹ̀ látòkèèrè, ìdí nìyẹn tí wọ́n fi kọ ọ́ sílẹ̀ tẹ́lẹ̀.

Ẹ̀yin ará Kétu ń ráhùn ọ̀nà o. Àwa ní Ṣábẹ̀, bíi 250 kìlómítà ni ká tó rí òkun, ká gba Ìdáàṣà, ká gba Bohicon, ká wá dé Calavi ká wá jókòó sínú súnkẹrẹ-fàkẹrẹ. Èmi ti lo wákàtí méjì rí láàárín Calavi sí Kútọnu. Ní wákàtí méjì, bàálù ìyá yín á ti wà lókè aṣálẹ̀ Sàhárà.

Tísà Àjàṣẹ́

Ológeere ti sọ ọ́ ju bí mo ṣe lè sọ ọ́ lọ. Ẹ jẹ́ kí n fi nọ́ńbà tì í lẹ́yìn: Casablanca sí Montréal jẹ́ nǹkan bíi 5,670 kìlómítà. Pín in sí wákàtí 7 àti ìṣẹ́jú 55, ó jẹ́ bíi 716 ní wákàtí kan. Pín in sí 6 àti ìṣẹ́jú 45, ó di 840. (Rírìn nílẹ̀ kí wọ́n tó gbéra wà nínú rẹ̀, nítorí wákàtí tíkẹ́ẹ̀tì bẹ̀rẹ̀ látìgbà tí bàálù bá ti kúrò lójú ibi tó gúnlẹ̀ sí.)

Ọ̀rọ̀ Paris. Mo máa ń ṣe èyí fún àwọn ọmọ kíláàsì mi: ẹ mú bọ́ọ̀lù kan, ẹ fi báírò sàmì Kútọnu sí i, ẹ sàmì Montréal, ẹ wá fi òwú nà án láàárín méjèèjì kó le dan-in. Ibi tí òwú bá gbà ni ọ̀nà tó kúrú jù. Òwú wa á gba òkè Togo àti Ghana, ó gba Burkina Faso, Mali, Mauritania àti Ìwọ̀-oòrùn Sàhárà, kó tó já sí òkun. Àwọn ọmọ máa ń yanu, torí lórí máàpù pẹlẹbẹ tó wà lára ògiri, ojú òkun ni wọ́n ń rò pé bàálù máa gbà láti ìbẹ̀rẹ̀.

Ẹ wá wo ìlú tó sún mọ́ òwú náà jù nínú mẹ́ta tí ẹ dárúkọ. Kútọnu sí Casablanca jẹ́ bíi 3,175. Bá a bá ro ó pọ̀ mọ́ 5,670 yẹn, ó jẹ́ bíi 8,850. Ọ̀nà tààrà jẹ́ 8,424. Kò ju 430 kìlómítà tí wọ́n fi yà lọ, kò tó ìdajì wákàtí lókè. Ti Paris: 4,740 dé ibẹ̀, 5,520 láti ibẹ̀, ó lé ní 10,200. Istanbul: 4,680 àti 7,690, ó ń lọ sí 12,400. Ẹni tó gba Istanbul lọ sí Montréal ti kọ́kọ́ kọ ẹ̀yìn sí ibi tó ń lọ.

Mi ò sọ pé kò dáa o. Ìyà ìjókòó yàtọ̀ sí ìyà kìlómítà. Bí wọ́n bá fún ọ ní wákàtí 2 ní Paris àti wákàtí 14 ní Casablanca, Paris ló máa yá jù. Ìdúró láàárín ọ̀nà, èyí tí gbogbo wa ń pè ní escale, òun ló ń pa wákàtí. Ẹ máa wo òun kí ẹ tó wo kìlómítà.

Ìyá Ìbejì Montréal

Mo ń kà yín láti ìdí fèrèsé tí yìnyín ti bò. Mo ti gba ọ̀nà yìí bí ẹ̀ẹ̀mẹta, ìgbà méjì nínú rẹ̀ pẹ̀lú àwọn ìbejì. Ẹ jẹ́ kí n sọ ti wákàtí 6 àti ìṣẹ́jú 45 yẹn, torí ibẹ̀ ni ẹ̀rù ìyá máa wà.

Èdè wo ni ìyá ń sọ? Bó bá jẹ́ Yorùbá àti Fọ̀n díẹ̀, ẹ kọ ìwé pélébé kan ní èdè Faransé, ìlà mẹ́ta péré: orúkọ wọn, "Je vais à Montréal" (Montréal ni mò ń lọ), nọ́ńbà bàálù kejì. Ẹ fi okùn so ó mọ́ ọrùn wọn tàbí kí ẹ rán an mọ́ inú gèlè, bó bá ti wù wọ́n. Lẹ́yìn náà, ẹ pe ilé-iṣẹ́ bàálù ó kéré tán ní wákàtí 48 ṣáájú, ẹ ní ẹ fẹ́ kí wọ́n fi kẹ̀kẹ́ onítáyà ti ìyá. Wọn kì í gba owó fún un. Kì í ṣe torí pé wọn ò lè rìn. Ẹni tó bá jókòó sórí kẹ̀kẹ́ yẹn ní ẹnì kan tó ń tì í, ẹni yẹn ló mọ ẹnu ọ̀nà tí wọ́n ń gbà, kò sì ní jẹ́ kí bàálù fi wọ́n sílẹ̀. Ìyá tèmi kọ̀ ní àkọ́kọ́, wọ́n ní àwọn ò yarọ. Nígbà tí wọ́n rí i bí wọ́n ṣe ń gbé àwọn kọjá ìlà gígùn níbi àyẹ̀wò, wọ́n ní kí n béèrè rẹ̀ fún ìpadà náà.

Ìlẹ̀mọ́ tí wọ́n máa fi sára ẹrù ní Kútọnu, ẹ kà á kí ẹ tó kúrò níbẹ̀. Lẹ́tà mẹ́ta ni wọ́n fi ń pe pápákọ̀ kọ̀ọ̀kan. COO ni Kútọnu, CMN ni Casablanca, YUL ni Montréal. YUL ló gbọ́dọ̀ hàn gàgàrà níbẹ̀. Bó bá jẹ́ CMN nìkan ni ẹ rí, ẹ ké gbàjarè lójú ẹsẹ̀, nítorí Casablanca ni àpò ìyá máa parí ìrìn àjò rẹ̀ sí.

Kóòtù nípọn àti bàtà tó bo ẹsẹ̀, inú báàgì ọwọ́ ni wọ́n ń gbé, kì í ṣe inú ẹrù tí wọ́n bá gbà. Òtútù Sẹ́ẹ́rẹ́ níbí wà nísàlẹ̀ òdo. Láti ẹnu ọ̀nà pápákọ̀ dé ibi tí ọkọ̀ wà, ìyá mi rìn ín pẹ̀lú sálúbàtà. Mo ṣì ń gbọ́ ẹjọ́ yẹn dòní.

Kò-sí-ìyọnu

Kí ẹ tó lọ: ṣé tíkẹ́ẹ̀tì kan ni àbí méjì? Mo bèèrè torí pé èmi fi ara mi ṣòfò. Mo rí Kútọnu sí Casablanca ní owó pọ́ọ́kú níbì kan, mo rí Casablanca sí Montréal níbòmíràn, mo rò pé mo gbọ́n. Bàálù àkọ́kọ́ pẹ́, èkejì lọ. Nígbà tí mo dé ibi tí wọ́n ti ń yẹ ìwé wò, obìnrin náà ní ọwọ́ òun ò sí níbẹ̀, torí tíkẹ́ẹ̀tì kejì ò mọ ti àkọ́kọ́ rárá. Mo tún un rà lódindi. Bó bá jẹ́ tíkẹ́ẹ̀tì kan ṣoṣo ló gbé ọ̀nà méjèèjì, àwọn ló máa wá bàálù mìíràn fún ọ.

Ọmọ Alákétu

Tíkẹ́ẹ̀tì kan ni, ọpẹ́ ni fún Ọlọ́run. Nọ́ńbà ìfìpamọ́ kan náà ló wà lórí méjèèjì.

Nọ́ọ̀sì Ìpòbẹ́

Ìyá yín ń lo oògùn ẹ̀jẹ̀ ríru bí? Ọ̀pọ̀ ìyá tó wà ní ọjọ́ orí yẹn ló ń lò ó. Inú báàgì ọwọ́ ni oògùn ń wà, nínú páálí tirẹ̀, pẹ̀lú ìwé dókítà. Bí wọ́n bá ń lò ó ní aago mẹ́jọ àárọ̀ ní Kétu, aago méjì òru ni ìyẹn ní Montréal. Ẹ béèrè lọ́wọ́ dókítà wọn kí wọ́n tó lọ bí wọ́n ṣe máa sún un díẹ̀díẹ̀. Ẹ má fi í sílẹ̀ dìgbà tí wọ́n bá débẹ̀, kí wọ́n má baà lo ìlọ́po méjì tàbí kí wọ́n fo ọjọ́ kan.

Ọ̀rọ̀ ẹsẹ̀: ìjókòó tó bá ti tó wákàtí 4 tàbí jù bẹ́ẹ̀ lọ lè jẹ́ kí ẹ̀jẹ̀ dì nínú iṣan ẹsẹ̀. Àjọ Ìlera Àgbáyé ṣe ìwádìí rẹ̀, wọ́n sì gbé e jáde ní 2007 pé ewu náà ń tó ìlọ́po méjì. Ó kéré fún ẹni tó le koko, ṣùgbọ́n ìyá ní ìjókòó méjì tó ju wákàtí 4 lọ. Kí wọ́n máa dìde rìn dé ẹ̀yìn bàálù, kí wọ́n máa yí ọrùn ẹsẹ̀, kí wọ́n máa mu omi. Àwọn ìyá wa kì í fẹ́ mu omi torí ilé ìgbọ̀nsẹ̀ bàálù ń dẹ́rù bà wọ́n. Ẹ fi bí wọ́n ṣe ń ti ilẹ̀kùn rẹ̀ hàn wọ́n lórí fídíò.

Àlàájì Ìlú Kétu

Ẹ má gbàgbé ìrun. Arìnrìn-àjò lè gé ìrun oníráká mẹ́rin sí méjì, ó sì lè kó Àílà mọ́ Àṣárì, Màgàríbà mọ́ Iṣáì. Yàrá ìrun wà ní pápákọ̀ Casablanca, kí ìyá kí ti wọn kó tó di 15:30.

Aago Mòrókò bá tiwa mu láti 2018, àyàfi nínú oṣù Ramadan tí wọ́n ń dá a padà ní wákàtí kan. Ẹni tó bá rìn nígbà yẹn, kó máa wo aago ara ògiri pápákọ̀, kó má wo ti ọwọ́ rẹ̀.

Ọmọ Odò Wẹ̀mẹ̀

Ẹran ìgbẹ́ ńkọ́? Ọmọ tuntun ò gbọdọ̀ wá sáyé láìsí ọbẹ̀ ẹran ìgbẹ́.

Ìyá Ìbejì Montréal

Ẹ gbé e sílẹ̀ ní Kétu! Wọn ò gbọdọ̀ kó ẹran wọ ibí, gbígbẹ tàbí tútù. Gàrí àti ẹ̀lùbọ́ ń wọlé. Ohunkóhun tó bá jẹ́ jíjẹ, kí ìyá sọ ọ́ fún aṣọ́bodè kí wọ́n tó béèrè. Ìtanràn tí wọ́n ń gbà lọ́wọ́ ẹni tó bá fi pamọ́ ju owó ẹran náà lọ fíìfíì.

Ọmọ Alákétu (lẹ́yìn ọjọ́ mọ́kànlá)

Ẹ kú àdúrótì o. Ìyá ti dé, mo sì ní nọ́ńbà kẹrin fún Tísà.

A gbéra ní Kétu ní aago méjì ọ̀sán Ọjọ́rú. (Àǹtí Àbẹ̀kẹ́, Ọjọ́rú! Ọlọ́run á san yín ní ẹ̀san ẹ̀kọ àti ẹ̀fọ́ yẹn.) A kúrò ní Àjàṣẹ́ ní aago mọ́kànlá kọjá, a dé Cadjehoun ní ku ìṣẹ́jú mẹ́wàá kí ó lu aago kan. Mo ka ìlẹ̀mọ́ ẹrù lẹ́ẹ̀mẹta. YUL. Ọmọbìnrin tó so ó mọ́ ọn wò mí bíi pé mo ń ya wèrè. Ìyá jókòó sórí kẹ̀kẹ́ onítáyà bí olorì, wọn ò tilẹ̀ bojú wẹ̀yìn.

Nígbà tí ẹ̀gbọ́n mi ṣílẹ̀kùn ilé rẹ̀ fún wọn, aago ibẹ̀ jẹ́ 19:40 Ọjọ́bọ̀. Ní Kétu, ó ti di 01:40 ọjọ́ Ẹtì. Láti ẹnu ọ̀nà sí ẹnu ọ̀nà: wákàtí 35 àti ìṣẹ́jú 40. Nígbà tí mo sọ wákàtí 10 ti íntánẹ́ẹ̀tì fún wọn lórí fóònù, wọ́n ní kí n bá àwọn bèèrè bóyá ẹyẹ ni ẹni tó kọ ọ́.

Èyí tó yà wọ́n lẹ́nu jù ni oòrùn. Wọ́n ní bí àwọn ṣe kúrò ní Casablanca lọ́sàn-án, àwọn jẹun, àwọn sùn, àwọn jí, àwọn tún jẹun, oòrùn ṣì wà lójú fèrèsé níbi tó wà. Ó kù díẹ̀ kí bàálù balẹ̀ kí ilẹ̀ tó ṣú. Mo gbìyànjú láti sọ ọ̀rọ̀ bọ́ọ̀lù àti òwú ti Tísà, pé wọ́n ń bá oòrùn lọ sí ìhà kan náà ni. Wọ́n ní, "Ìyẹn ni pé èmi àti oòrùn la jọ wọ ọkọ̀."

Oorun wọn ò tíì tò. Ní aago kan òru ibẹ̀, ojú wọn ti là rekete, torí aago méje àárọ̀ Kétu ni, wọ́n ti ń wá ìgbálẹ̀. Ẹ̀gbọ́n mi ní kí ẹnikẹ́ni má tún un ṣe fún wọn o. Aago kan yẹn gan-an ni ọmọ máa ń jí sunkún, ìyá á gbé e, òun á sì padà sùn.